Orí Keje: Gásíkẹ́ẹ̀tì Kábúrétọ̀ Ọkọ̀ Rìmóòtù Oníbẹntiróò

Ẹ́ńjìnnì tó bá ń fa afẹ́fẹ́ gba ibi tí kò yẹ kì í fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pamọ́. Sìló rẹ̀ á ga ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ, á sì máa lọ sókè sódò láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kan rìmóòtù. Ẹ fún un níná, á kọ́kọ́ rẹ̀ wálẹ̀ kó tó dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́ iná, kò ní bọ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Á ṣì máa réèsì kó tó rọlẹ̀. Tó bá wá gbóná dáadáa, á kú mọ́ yín lọ́wọ́, kò sì ní jí àfi tó bá tutù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe nígbà náà ni pé a ó mú sìkúrúdíráífà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí abẹ́rẹ́ L, tó ń wọn epo sìló, àti abẹ́rẹ́ H, tó ń wọn epo eré, kiri. Ó lè dà bíi pé ó gbọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò gbọ́ o. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ kò gba abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ṣí epo sí i kó lè bá afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé dọ́gba nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní sìló, ìṣirò yẹn ti dàrú nígbà tó bá fi máa sáré, torí pé afẹ́fẹ́ ojú ihò kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ iná tí ẹ fún ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dí ihò. Ìgbà tí ihò bá dí tán ni kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Irú ẹ́ńjìnnì tí à ń sọ

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ẹ́ńjìnnì tuú-sítíróòkù kékeré tó máa ń wà nínú ọkọ̀ rìmóòtù ńlá, àwọn tí wọ́n ṣe ní ìdá kan nínú márùn-ún ọkọ̀ gidi. Zenoah ti Jàpáànù ló lórúkọ jù nínú wọn: G230RC tó jẹ́ 22.5 cc, G260RC tó jẹ́ 25.4 cc, títí dé G320RC tó sún mọ́ 32 cc. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ló ń gbé HPI Baja 5B, òun náà ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ FG ti Jámánì. Àwọn ti Rovan àti King Motor tó ń ti Ṣáínà wá tẹ̀lé ìlànà kan náà, débi pé ohun tí a bá sọ níbí bá wọn mu. Kábúrétọ̀ wọn sábà máa ń jẹ́ Walbro ìran WT, irú bíi WT-668.

Ìran kábúrétọ̀ yìí kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agégi àti ẹ̀rọ tí àwọn tó ń gé koríko etí títì máa ń gbé kọ́ èjìká. Bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ tí ẹ kò rí ẹni tó mọ ọkọ̀ rìmóòtù, ẹ má gbé e lọ bá mẹkáníìkì ọ̀kadà. Kábúrétọ̀ ọ̀kadà ní abọ́ epo nísàlẹ̀, ohun kan sì ń léfòó nínú abọ́ náà tó máa ń ti epo nígbà tó bá kún. Tiwa kò ní abọ́, kò sí ohun tó ń léfòó níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó ń fò lórí òkìtì tó sì ń dojú dé á da epo abọ́ nù ni. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ agégi ṣe ni kí ẹ wá lọ. Bó ṣe ń ṣí i lójú yín lẹ máa mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn.

Ohun tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń ṣe gan-an

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibi tí ẹni tó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tí ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ṣiná mọ́ ti máa ń ṣìnà nìyí.

Kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó ń fa epo láti inú táǹkì bọ̀ sínú kábúrétọ̀ ju ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ. Bí písítìnì bá gòkè, ikùn ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́; bó bá sọ̀ kalẹ̀, ikùn náà á ti afẹ́fẹ́ jáde. Wọ́n lu ihò tín-ín-rín kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ńlá tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Láti ibẹ̀ ni èémí yìí ti ń jáde, tó ń la gásíkẹ́ẹ̀tì kọjá, tó ń la ike dúdú tó wà láàárín sílíńdà àti kábúrétọ̀ kọjá, tó tún la gásíkẹ́ẹ̀tì kejì, kó tó wọ ara kábúrétọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gbá ẹ̀yìn dáyáfíràmù pọ́ǹpù, tí dáyáfíràmù sì ń lọ tó ń bọ̀, tó ń fa epo. A ó máa pe ike dúdú yẹn ní ike àárín láti ìsinsìnyí lọ, a ó sì máa pe ihò tín-ín-rín náà ní ihò èémí.

Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì di méjì? Ó ń dí afẹ́fẹ́ òde lọ́nà, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún èémí. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ á ṣe, ojú méjèèjì á mọ́ra wọn dáadáa, ṣùgbọ́n bébà ti bo ihò èémí. Ẹ ó fa okùn títí ọwọ́ yín á fi bó, epo kò ní wá. Ẹni tí kò bá mọ èyí á wá máa fura sí púlọ́ọ̀gì, á fura sí epo, á tú kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó jẹ́ pé bébà kékeré kan ló dojú kọ ibi tí kò yẹ.

Apá kejì kábúrétọ̀ ní dáyáfíràmù tirẹ̀, èyí tó ń wọn epo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́ kọjá nínú kábúrétọ̀, ó ń fa dáyáfíràmù yìí náà sínú. Dáyáfíràmù á tẹ apá irin kékeré kan, apá náà á gbé abẹ́rẹ́ ìdíwọ́ sókè, epo á wọlé. Gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kọ́ ló ń bàjẹ́ jù, dáyáfíràmù ni. Tó bá ti le bíi bébà tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, kò ní gbọ́ ìpè ẹ́ńjìnnì mọ́.

Kí ló dé tí a fi ń pariwo lórí afẹ́fẹ́ díẹ̀? Nínú tuú-sítíróòkù, inú bẹntiróò ni ọ́ìlì wà. Kò sí ọ́ìlì kankan tó dá dúró nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì tó yẹ kó máa yọ̀ láàárín písítìnì àti sílíńdà á sì dínkù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ písítìnì tó dojú kọ síléńsà ló máa ń kọ́kọ́ fá. Àwọn mẹkáníìkì á ní ó ti nọ́ọ̀kì, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó písítìnì àti sílíńdà tuntun.

Kí ẹ tó tú u

Ẹ kọ́kọ́ fi álẹ̀ǹ kíì kan àwọn bóòtù. Bóòtù méjì ló de kábúrétọ̀ mọ́ ike àárín, bóòtù méjì mìíràn ló de ike àárín mọ́ sílíńdà. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì máa ń tú wọn díẹ̀díẹ̀, tí ike àárín náà bá sì ti dẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ di kábúrétọ̀ mú, kí ẹ mì ín jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá mì, ẹ ti rí i.

Bí kò bá mì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí oríkèé ibi tí ike àárín ti pàdé sílíńdà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni èémí ikùn ẹ́ńjìnnì máa ń gbà jáde pẹ̀lú, ó sì máa ń gbé ọ́ìlì dání. Nítorí náà, eruku tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ á dúdú, á tutù lọ́wọ́, nígbà tí eruku àyíká rẹ̀ gbẹ furu. Ìlà ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára oríkèé yẹn jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára ju gbogbo ariwo ẹ́ńjìnnì lọ.

Àwọn kan máa ń fọ́n oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ sí oríkèé nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní sìló, wọ́n á wá tẹ́tí bóyá ìró rẹ̀ á yí padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Síléńsà ẹ́ńjìnnì yìí wà nítòsí, ó gbóná, oògùn yẹn sì ń gbiná kíákíá. Bí ẹ bá máa ṣe é ṣáá, ìta gbangba ni kó jẹ́, kí ẹ́ńjìnnì má tíì gbóná, kí garawa iyanrìn sì wà lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ máa rà

Nọ́ńbà kábúrétọ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, kí ẹ kà á dáadáa, kí ẹ sì fi nọ́ńbà yẹn ra kíìtì. Orúkọ ọkọ̀ tàbí orúkọ ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó, torí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lè ti pààrọ̀ kábúrétọ̀. Kíìtì Walbro pín sí ọ̀nà méjì. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D ní àwọn dáyáfíràmù àti gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K ní wọn, ó sì tún ní abẹ́rẹ́ ìdíwọ́, apá irin, sípíríìnì àti àwọ̀n epo. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì náà, K ni kí ẹ rà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ: gásíkẹ́ẹ̀tì ike àárín, ti ọ̀dọ̀ sílíńdà, kì í sí nínú kíìtì Walbro. Ti ẹ́ńjìnnì ni, Walbro kọ́ ló ṣe é. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè fún un lọ́tọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì.

Ayédèrú pọ̀. Dáyáfíràmù gidi rọ̀, ó sì máa ń padà sí bó ṣe wà bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rá tuntun, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ ka àmì ara pọ́ǹpù nílé epo: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10, tí ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti di bẹntiróò ojoojúmọ́ níbẹ̀. Amẹ́ríkà ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́, ti Brazil sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ọtí yìí máa ń mú kí dáyáfíràmù le, ó sì ń fa omi mọ́ra bí epo bá dúró pẹ́. Ẹ má ṣe fi epo sílẹ̀ nínú kábúrétọ̀ láti ìgbà òtútù kan sí èkejì.

Gígé gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹni

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kò lè gé. Èmi kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ti ike àárín méjèèjì ṣe é gé, bí ẹ bá lo bébà gásíkẹ́ẹ̀tì gidi tó nípọn bíi ti àtijọ́. Ẹ gbé bébà lé ojú ike àárín, kí ẹ máa fi òòlù kékeré olórí róbótó kan etí rẹ̀ tọ̀ọ̀tọ̀ọ̀ títí etí ike náà á fi gé e. Ihò bóòtù àti ihò èémí ni kí ẹ kọ́kọ́ lu, kí bébà má baà yẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé ihò ńlá. Etí ihò náà gbọ́dọ̀ mọ́. Òwú bébà tó bá ta jáde á já lọ́jọ́ kan, inú ẹ́ńjìnnì ló sì ń lọ.

Páálí kọ́nfíléèkì kì í ṣe bébà gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó ń mu epo, ó ń wú, ó sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Dáyáfíràmù kò ṣe é gé láti ara ohunkóhun, bó ti wù kí ẹni tó fẹ́ bá yín gé e mọ iṣẹ́ tó.

Sílíkọ́ọ̀nù wá ńkọ́, gọ́ọ̀mù pupa tàbí dúdú tí wọ́n ń tẹ̀ jáde láti inú túùbù? Rárá o. Bẹntiróò ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rọ̀, á sì máa já ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Okùn kan ṣoṣo tó bá wọ ihò èémí, ọkọ̀ yín ti di ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀ nìyẹn.

Títú u

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ fa epo kúrò nínú táǹkì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ àyíká kábúrétọ̀, kó gbẹ, kí ẹ tó tú ohunkóhun, nítorí iyanrìn tó wà lára àwọn bóòtù yẹn ń wá ọ̀nà wọlé ni. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ lápá ọ̀tún, lápá òsì àti lókè. Ibi tí róbà epo kọ̀ọ̀kan wọ̀ ni ká rí dáadáa. Bí tiyín bá ní róbà róbótó tí a fi ń pọ́ǹpù epo kí ẹ́ńjìnnì tó jí, róbà epo méjì ni ẹ máa bá, ọ̀kan ń bọ̀ láti táǹkì, èkejì ń padà lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀kan sípò ìkejì á pọ́ǹpù títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ rọra yí abẹ́rẹ́ L wọlé títí á fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ máa ka iye yíyí rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe H bẹ́ẹ̀. Ẹ má fún un mọ́ ìsàlẹ̀. Orí rẹ̀ tó mú ṣóṣó á bàjẹ́.

Ẹ yọ fíltà afẹ́fẹ́, ẹ yọ ọ̀pá tó ń ṣí iná, kí ẹ wá tú bóòtù gígùn méjèèjì tó de kábúrétọ̀. Álẹ̀ǹ kíì 4 mm ló sábà máa ń wọ̀ wọ́n. Bí kábúrétọ̀ ti ń bọ́, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ kó tó ṣubú: apá ibo ni ihò èémí rẹ̀ wà? Ẹ ya àwòrán ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ tú ike àárín, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tí kì í ta òwú dí ẹnu sílíńdà lójú ẹsẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ á ti jóná mọ́ irin. Ẹ má fi ọ̀bẹ fá a. Ẹ fi oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ rin ín, kó dúró díẹ̀, kí ẹ wá fi etí káàdì ATM tó ti kú fá a kúrò. Ìlà kan tí ọ̀bẹ bá fà sójú álúmíníọ́ọ̀mù láti inú dé ìta ti tó ọ̀nà fún afẹ́fẹ́.

Ike àárín ló yẹ kí ẹ fura sí jù lọ. Ooru sílíńdà máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lé orí gíláàsì tó tẹ́jú, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín ike àti gíláàsì, ẹ tẹ́ sánpépà 600 sórí gíláàsì náà, kí ẹ máa fi ike náà yí nọ́ńbà 8 lórí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ jù, títí gbogbo ojú rẹ̀ á fi ní àwọ̀ kan náà. Bó bá sán, ẹ ra òmíràn.

Inú kábúrétọ̀

Ẹ ṣe èyí lórí tíréè funfun. Lára ọ̀pọ̀ WT, sìkúrù kan ṣoṣo ló de ìdérí apá pọ́ǹpù, mẹ́rin ló sì de ìdérí apá tó ń wọn epo. Sìkúrúdíráífà tó bá ẹnu sìkúrù mu ni kí ẹ lò. Orí wọn rọ̀, bó bá sì ti fá, wàhálà ti dé nìyẹn.

Ẹ ṣí apá pọ́ǹpù. Ẹ ó rí àwọ̀n kékeré kan nínú ihò róbótó, òun ló ń sẹ́ ìdọ̀tí epo. Bó bá ti dí, ó lè jẹ́ òun gan-an ló ń pa ọkọ̀ yín. Ẹ wá ṣàkíyèsí ètò tó wà níbẹ̀, torí pé ó yàtọ̀ sí ti apá kejì. Lápá pọ́ǹpù, dáyáfíràmù ló ń fara kan ara kábúrétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á tẹ̀ lé e, ìdérí á wá kẹ́yìn. Lápá tó ń wọn epo, gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń fara kan ara kábúrétọ̀, dáyáfíràmù á tẹ̀ lé e, ìdérí á wá kẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì bákan náà ti ba ọ̀kan jẹ́.

Nínú apá tó ń wọn epo, ẹ ó rí apá irin náà lórí ọ̀pá tín-ín-rín tí sìkúrù kan dè. Ẹ fi àtàǹpàkò bò ó kí ẹ tó tú sìkúrù yìí. Sípíríìnì abẹ́ rẹ̀ kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ó sì máa ń fò. Bó bá bọ́ sínú koríko, ẹ kò ní rí i mọ́. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ ìdíwọ́ jáde, kí ẹ wo orí rẹ̀. Bí ìlà róbótó bá ti hàn níbi tó ń jókòó sí, ẹ fi ti inú kíìtì rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà tí gbogbo róbà àti dáyáfíràmù bá ti kúrò nìkan ni kí ẹ fọ́n oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ sí i. Ẹ má ki wáyà bọ ihò kankan, nítorí wọ́n wọn ihò wọ̀nyẹn ni, wáyà á sì fẹ̀ wọ́n. Ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ fọkanáísà gbá ihò tó wà láàárín apá yìí, torí fáàfù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí agbára bẹ́ẹ̀ lè tú kúrò.

Bí ẹ bá ti dá abẹ́rẹ́, sípíríìnì àti apá irin padà, ó ku wíwọn gíga rẹ̀, iṣẹ́ yìí kò sì gba ìkánjú. Fún WT, orí apá irin náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 1.65 mm nísàlẹ̀ ojú tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé. Walbro ní ìwọ̀n irin tí wọ́n ṣe fún èyí, nọ́ńbà rẹ̀ ni 500-13. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ gbé rúlà irin lé ojú kábúrétọ̀, kí ẹ fi fílà géèjì wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀. Bó bá ga jù, epo á máa kún àkúnya, púlọ́ọ̀gì á máa tutù. Bó bá rẹlẹ̀ jù, epo kò ní tó, a ó sì padà sí àìsàn tí a torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí agbára yín dé orí abẹ́rẹ́.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo máa ń ṣe kí n tó dá kábúrétọ̀ padà. Ẹ ki róbà kékeré bọ ẹnu ibi tí epo ń gbà wọlé, kí ẹ so síríńjì mọ́ ọn, kí ẹ ri kábúrétọ̀ náà sínú abọ́ bẹntiróò díẹ̀ ní ìta, kí ẹ sì rọra tẹ síríńjì. Bí ìfóòfó bá ń jáde létí ìdérí pọ́ǹpù, gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò jókòó. Bó bá ń jáde láti inú ihò ńlá láìtíì tẹ̀ ẹ́ le, abẹ́rẹ́ ìdíwọ́ kò dí.

Dídá a padà

Gásíkẹ́ẹ̀tì ike àárín ń lọ síbẹ̀ ní gbígbẹ, láìsí gọ́ọ̀mù. Kí ẹ tó fi bóòtù sí i, ẹ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì lé ike àárín, kí ẹ gbé méjèèjì dojú kọ ìmọ́lẹ̀. Ihò èémí gbọ́dọ̀ hàn kedere láti apá kan dé èkejì. Bí ìdajì rẹ̀ bá bò, ẹ dojú gásíkẹ́ẹ̀tì náà dé, kí ẹ tún wò. Ẹ ṣe bákan náà fún ti apá kábúrétọ̀.

Bóòtù tó wọ inú sílíńdà gba ẹ̀kán Loctite aláwọ̀ búlúù kọ̀ọ̀kan, kí gbígbọ̀n má baà tú wọn. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí bóòtù méjèèjì wọlé, kí ẹ wá máa fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ sí ti ọ̀tún, díẹ̀ sí ti òsì. Ike ni ẹ ń fún o. Bó bá sán lónìí, ẹ̀yin lẹ sán an.

Ẹ po epo tuntun. Ní 25:1, lítà bẹntiróò kan gba 40 ml ọ́ìlì tuú-sítíróòkù. Ẹ dá abẹ́rẹ́ méjèèjì padà sí iye tí ẹ kọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ti yí wọn dàrú ṣáájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti yíyí kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin sí yíyí kan àtààbọ̀ láti ìsàlẹ̀, kí epo kúkú pọ̀ díẹ̀ ju kó kéré lọ. Ẹ jẹ́ kó gbóná ní sìló, kí ẹ tún L ṣe kó lè gba iná láìrẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wá tún sìkúrù sìló ṣe. H ló kẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti sáré táǹkì kan. NGK CMR7H ló wọ́pọ̀ lára àwọn Zenoah yìí, àlàfo ẹnu rẹ̀ sì wà láàárín 0.6 sí 0.7 mm. Bó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ó dára. Bó bá funfun, epo kò tó. Ẹ dúró, ẹ má sá a mọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ tún fi álẹ̀ǹ kíì kan bóòtù kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ooru àkọ́kọ́. Ti ike àárín tó ti ní Loctite, ẹ má yí i mọ́ bí kò bá dẹ̀.

Bí sìló bá ṣì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ dá kábúrétọ̀ láre. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ náà ń gba síìlì ọ̀pá ẹ́ńjìnnì wọlé, yálà lápá ibi tí okùn ìfà wà tàbí lápá kílọ́ọ̀ṣì, kò sì sí bí ẹ ṣe lè rí i láìtú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ má sì wà á títí ẹ ó fi pààrọ̀ síìlì méjèèjì.